Bí ẹ ṣe lè fi iná wo abẹ́ ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́ bọ́hòlù l'Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ti pẹ́ l'Abẹ́òkúta á ti gbọ́ ọ rí: wọ́n gbẹ́ bọ́hòlù nílé ẹnìkan ní Asero, wọ́n kan àpáta, kò sómi, wọ́n wá sún un sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, omi tú jáde. Ẹlòmíì á ní wòlíì ló tọ́ka síbẹ̀, ẹlòmíì á ní ẹ̀ka igi ni bàbá kan fi wá a. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń gbà lórí mítà kọ̀ọ̀kan báyìí kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi ṣeré, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe ń fi iná mànàmáná yẹ ilẹ̀ wò láti òkè lọ sísàlẹ̀, ìyẹn VES (vertical electrical sounding), láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yin ọmọ FUNAAB àti ẹ̀yin ọmọ poli tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é fúnra yín, tiyín nìyí. Ẹ̀yin láńdílọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tẹ́ ẹ gbà síṣẹ́ mọ nǹkan tó ń ṣe, tiyín náà ni.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn kí n tó lọ jìnnà: ẹ̀rọ yẹn ò rí omi. Kò rí i rárá. Bí ilẹ̀ ṣe ń gba iná láyè láti kọjá tàbí bó ṣe ń dínà mọ́ ọn ló ń rí. Omi máa ń gba iná láyè, amọ̀ náà ń gbà á láyè, páìpù irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ náà ń gbà á láyè. Gbogbo wàhálà tó kù, látorí ibi tẹ́ ẹ máa kan pẹ́ẹ̀gì sí títí dórí bẹ́ ẹ ṣe máa ka gíráàfù, kẹ́ ẹ má bàa pe amọ̀ ní omi ni.

Kí ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe gan an?

Pẹ́ẹ̀gì irin mẹ́rin lẹ máa kàn mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Àwọn méjì tó wà níta, A àti B, ibẹ̀ ni iná ń gbà wọlẹ̀. Àwọn méjì tó wà láàárín, M àti N, ń wọn volt tí iná yẹn dá sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Ẹ̀rọ á fi iye iná pín volt, ó di R nìyẹn, ohm ni wọ́n fi ń kà á. R yìí nìkan ò lè sọ nǹkan kan torí bẹ́ ẹ bá sún pẹ́ẹ̀gì díẹ̀ báyìí ó ti yí padà, torí náà nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní K tẹ́ ẹ máa fi sọ ọ́ di púpọ̀, inú bí pẹ́ẹ̀gì ṣe jìnnà síra ni K ti ń jáde wá. Èsì ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní apparent resistivity, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń dínà mọ́ iná tó, ohm-m ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Kì í ṣe ti ilẹ̀ kan pàtó o, àpapọ̀ gbogbo ohun tí iná pàdé lọ́nà ni. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń fa A àti B jìnnà síra ni iná ń jìn wọlẹ̀ sí i.

Conrad Schlumberger, ará Faransé, ti ń dán tiẹ̀ wò láti 1912, Frank Wenner ní Amẹ́ríkà gbé tiẹ̀ jáde ní ọdún mélòó kan sí i, orúkọ àwọn méjèèjì ló ṣì wà lára ọ̀nà tí wọ́n ń lò jù. Ní ti Wenner, àlàfo àárín pẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń dọ́gba, gbogbo wọn lẹ sì máa sún nígbàkúgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà. Ní ti Schlumberger, A àti B lẹ máa ń sún, M àti N á jókòó síbi tí wọ́n wà títí ó fi máa pọn dandan. Fún bọ́hòlù, ẹ lo Schlumberger jàre, kò gba èèyàn púpọ̀, ohun tó wà lójú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ M àti N ò sì ní máa da nọ́ńbà yín rú léraléra.

Àwọn nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ sórí: amọ̀ tútù sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 50 ohm-m, ó lè gòkè dé 100. Àpáta tó ti jẹrà tó sì gbomi sára máa ń wà láàárín nǹkan bí 50 sí 300. Yangí gbígbẹ lójú ilẹ̀ lè kọjá 1,000. Àpáta tó sán tí omi wà nínú ẹ̀, ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Àpáta gidi tí kò sán, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti 1,000 kó lọ dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé wọ́n ń wọnú ara wọn, kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ tó jẹ́ ti omi nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín

Kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ kankan jáde, ẹ yí àdúgbò ká. Ọ̀pọ̀ Abẹ́òkúta, látorí àpáta Olúmọ fúnra ẹ̀ lọ sí Asero, Obantoko, títí dé apá Alabata, orí àpáta ògbólógbòó ni, granite àti gneiss. Nínú irú ilẹ̀ yìí, ibi méjì péré lomi lè dúró sí: inú àpáta tó ti jẹrà di erùpẹ̀ lókè, tàbí inú ibi tí àpáta ti sán nísàlẹ̀. Kò sí odò abẹ́ ilẹ̀ kankan tó ń ṣàn lọ geerege bí àwọn èèyàn ṣe ń rò. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà Papalanto àti Ewékorò, ilẹ̀ yẹn yàtọ̀ pátápátá, yanrìn àti amọ̀ àti òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ni, bí wọ́n ṣe ń kà á sì yàtọ̀, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé tó ní kànga. Mítà mélòó ni? Ṣé ó máa ń gbẹ nínú oṣù kejì sí ìkẹta? Kí ni wọ́n gbẹ́ jáde, ṣé amọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì ni àbí erùpẹ̀ funfun tó ń dán, tó ní èérún òkúta nínú? Níbo ni wọ́n ti kan òkúta tí wọn ò lè gbẹ́ mọ́? Ìyá àgbà kan tó ń pọn omi látinú kànga láti ogún ọdún sẹ́yìn mọ ohun tí sọ́fítíwíà yín ò lè mọ̀. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, a máa nílò ẹ̀ nígbà tá a bá ń ka gíráàfù.

Ẹ wo àpáta tó yọrí síta pẹ̀lú, ẹ wo ibi tí sísán tó wà lára ẹ̀ dojú kọ, ẹ fi kọ́ńpáàsì fóònù yín wọn ọ́n. Ẹ ṣí Google Earth, ẹ wò bóyá odò kékeré kan wà ládùúgbò tó gba ọ̀nà tààrà gboorogbo láìyà síbì kan, irú odò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tẹ̀lé ibi tí àpáta ti sán. Bí ọ̀nà tí odò náà gbà bá sì bá ti sísán ara àpáta mu, ẹ ti mọ apá ibi tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Ìlà yín ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Plọ́ọ̀tì 60 nípa 120 ẹsẹ̀ bàtà, mítà 18 nípa 36 péré ni. AB/2 ni ìdajì àlàfo A sí B, ìyẹn láti àárín ìlà dé ọ̀dọ̀ A tàbí B; MN/2 náà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fa AB/2 dé 100, mítà 200 tó tọ́ lẹ nílò. Kò lè wọnú kọ́ńpáùndì yẹn. Ẹ máa jáde sí títì ni, ẹ máa gba ojú ilé àwọn ẹlòmíì kọjá, torí náà ẹ lọ kí wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ṣàlàyé, bí bàálé àdúgbò bá wà ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá wá sílé yín tó ṣe gbogbo "sọ́vè" ẹ̀ nínú fẹ́ǹsì tó wá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ dé mítà 80, ẹ bi í pé báwo ló ṣe rí mítà 80. Ìjìnlẹ̀ tí Schlumberger ń wò jù jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún gígùn AB. AB mítà 200, ẹ ń wo nǹkan bíi mítà 40. AB mítà 30 tó wọnú kọ́ńpáùndì, mítà 6 péré! Ohun tó kọjá ìyẹn, àbá ló ń dá.

Ìlà yẹn gbọ́dọ̀ tọ́, kó sì wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó, ẹ má gba orí òkè sọ̀kalẹ̀ sí kòtò. Ẹ sá fún fẹ́ǹsì wáyà, páìpù omi ìjọba, wáyà ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ transfọ́má, gọ́tà tí wọ́n fi irin sí nínú, rélùwéè náà bẹ́ ẹ bá wà ní apá Lafẹ́nwá. Bí páìpù bá wà tẹ́ ẹ ò lè sá fún un, ẹ jẹ́ kí ìlà yín dábùú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ààyè bá wà, ẹ ṣe VES kan náà ní ọ̀nà méjì tó dábùú ara wọn, bí méjèèjì bá jọra ọkàn yín balẹ̀, bí wọ́n bá yàtọ̀ gan an, ilẹ̀ yẹn ò tò ní ìpele ìpele bí gíráàfù ṣe ń rò, ẹ máa kíyè sára.

Ẹrù

Ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni ABEM Terrameter, ará Sweden ló ń ṣe é, SAS 300 àtijọ́ àti SAS 1000 lẹ máa rí jù, débi tí wọ́n fi ń pe gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Terrameter. Bátìrì 12 volt tí wọ́n ti cháàjì kún. Pẹ́ẹ̀gì irin mẹ́fà, tí méjì á wà nípamọ́. Òòlù méjì tó wúwo. Ríìlì wáyà méjì tó gùn fún A àti B, méjì kúkúrú fún M àti N. Téèpù mítà 100 méjì. Kẹ́ẹ̀gì omi, iyọ̀. Fóònù fún GPS. Ìwé àti bírò, kódà bẹ́ ẹ bá ní laptop, torí oòrùn àti bátìrì laptop ò fẹ́ràn ara wọn. Èèyàn mẹ́rin tó láti ṣe é.

Ọjọ́ iṣẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ kan pẹ́ẹ̀gì kan sáàárín, ibi tẹ́ ẹ rò pé ẹ lè gbẹ́ nìyẹn, ẹ gba GPS ẹ̀, ẹ wá na téèpù méjèèjì sí ọ̀tún àti òsì. AB/2 tẹ́ ẹ máa tẹ̀lé: 1, 2, 3, 4, 6, 9, 12, 15, 20, 25, 32, 40, 50, 65, 80, 100. Fún MN/2, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.2 títí dé AB/2 6, ẹ gbé e sí 0.5 láti 6 dé 15, 2.5 láti 15 dé 40, ẹ wá fi 5 parí ẹ̀. Òfin tó wà nídìí ẹ̀ ni pé AB gbọ́dọ̀ fi ìlọ́po márùn-ún ju MN lọ ó kéré tán. Ẹ ti rí i pé 6, 15 àti 40 wà nínú méjì, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kà wọ́n, pẹ̀lú MN àtijọ́ àti MN tuntun. Ẹ má fò ó torí pé ó ti ń rẹ̀ yín o! Òun lẹ fi máa mọ̀ bóyá gíráàfù yín so pọ̀.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á pariwo "mẹ́fà!", àwọn méjèèjì tó wà lẹ́nu A àti B á yọ pẹ́ẹ̀gì, wọ́n á sáré dé mítà 6 lórí téèpù tiwọn, wọ́n á kàn án wọlẹ̀ ní òòlù mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n á fi kílípù gbá a mú, wọ́n á gbọn kílípù wò bóyá ó dì, wọ́n á sún sẹ́yìn, wọ́n á wá dáhùn "ó ti dé!" Ìgbà tí òun bá gbọ́ "ó ti dé" lẹ́ẹ̀mejì ló tó lè tẹ bọ́tìnì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Volt tó ń gba ibẹ̀ kọjá lè tó 400, ó lè pa èèyàn. Bí ẹ bá ti fa wáyà dé mítà 65, tẹ́ ẹ ò rí ẹni tó wà lọ́hùn-ún mọ́ torí ó ti yí igun, fóònù ni kẹ́ ẹ fi pe ara yín, kẹ́nìkan sì dúró ti pẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan kó máa lé ọmọdé àti ewúrẹ́ sẹ́yìn. Ewúrẹ́ fẹ́ràn wáyà, mi ò mọ nǹkan tí wọ́n ń rí níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá, kódà lọ́nà jíjìn réré, ẹ tú wáyà kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ palẹ̀ mọ́.

Ìjìnlẹ̀ pẹ́ẹ̀gì náà ṣe pàtàkì níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí AB/2 bá ṣì jẹ́ mítà 1, ẹ má kan pẹ́ẹ̀gì wọlẹ̀ jù, bí ika ọwọ́ kan ti tó, torí ìṣirò yẹn gbà pé ojú ilẹ̀ ni iná ti ń wọlé. Bó bá ti jìnnà, ẹ lè rì í dáadáa.

Bí nọ́ńbà bá ń ṣe wèrè

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, lórí yangí, ẹ̀rọ á kọ̀ láti fi iná ránṣẹ́, á máa sọ pé iná ò wọlẹ̀ tó. Ẹ po omi iyọ̀, ẹ dà á sídìí A àti B, ẹ dúró díẹ̀ kó mu. Bó bá ṣì le, ẹ kan pẹ́ẹ̀gì kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ fi wáyà so wọ́n pọ̀. Ìdí M àti N, omi lásán ni kẹ́ ẹ lò, díẹ̀ báyìí, iyọ̀ máa ń jẹ́ kí volt ibẹ̀ máa jó. Nígbà tí AB/2 bá ṣì kéré, ẹ má da omi débi tí ti A á fi máa ṣàn lọ bá ti M, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Bí R bá jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ẹ ti gbé wáyà M sípò N. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, volt tó ń bọ̀ ti kéré jù, ẹ fi MN kún un tàbí kẹ́ ẹ fi iná kún un. Ẹ ní kí ẹ̀rọ kà á nígbà mẹ́rin kó fún yín ní àròpín, bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ tún un kà. Koríko tútù láàárọ̀ tún máa ń jẹ́ kí iná jò látinú wáyà tó ti bó: ẹ tú B kúrò lára pẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e sókè, ẹ tẹ bọ́tìnì. Kò yẹ kí iná kankan lọ. Bó bá lọ, wáyà yín ń jò, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kà láti àárọ̀ ti di iyèméjì.

Ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀

Bí wọ́n ṣe ń rí K fún Schlumberger: ẹ fi AB/2 lọ́po ara ẹ̀, ẹ yọ MN/2 tẹ́ ẹ fi lọ́po ara ẹ̀ kúrò, ẹ fi 3.142 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi MN, odindi o, kì í ṣe ìdajì, pín in. AB/2 6 pẹ̀lú MN/2 0.2, K jẹ́ 282.4. AB/2 6 kan náà pẹ̀lú MN/2 0.5, K jẹ́ 112.3. Ká sọ pé R àkọ́kọ́ jẹ́ 0.71, ó máa fún yín ní nǹkan bí 200 ohm-m, R kejì jẹ́ 1.76, ó fún yín ní 198. Wọ́n bára mu, ẹ lè máa lọ. Ká ní èkejì fún yín ní 290 ni, nǹkan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ M tàbí N, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. AB/2 100 pẹ̀lú MN/2 5, K jẹ́ nǹkan bí 3,134, ẹ wá fojú inú wo bí R ṣe máa kéré tó níbẹ̀, ìdí tí àṣìṣe kékeré fi máa ń di ńlá ní ìparí ìlà nìyẹn.

Ẹ máa fi àmì sórí ìwé log-log (ìwé gíráàfù tí ìlà ẹ̀ ń fi ìlọ́po mẹ́wàá lọ sókè) bẹ́ ẹ bá ṣe ń kà á, AB/2 nísàlẹ̀, resistivity lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń dá àṣìṣe mọ̀ lójú ẹsẹ̀: lórí ilẹ̀ tó tò ní ìpele ìpele, gíráàfù yẹn ò lè gòkè ju ìgun 45 degree lọ, bó ti wù kí àpáta tó wà nísàlẹ̀ le tó. Bí tiyín bá dìde fáà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìkà yẹn ò dáa, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ẹ lọ tún pẹ́ẹ̀gì kàn nísinsìnyí, bẹ́ ẹ bá ti dé ilé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe sí i mọ́.

Kíka gíráàfù, ibi tí ẹjọ́ wà

Lórí àpáta Abẹ́òkúta, èyí tẹ́ ẹ máa rí jù ni èyí tó ga níbẹ̀rẹ̀, tó sọ̀kalẹ̀, tó tún gòkè, H ni wọ́n ń pè é: ilẹ̀ òkè, àpáta tó jẹrà, àpáta gidi. Bí yangí bá wà lábẹ́ ilẹ̀ òkè, á kọ́kọ́ gòkè díẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀, ìyẹn ni KH. Èyí tó bá ń gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ̀kalẹ̀, A ni wọ́n ń pè é (kì í ṣe pẹ́ẹ̀gì A o), àpáta ti wà nítòsí, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó gbẹ́ ibẹ̀ àyàfi bí ẹ̀rí míì bá wà pé ó sán.

Ẹ jẹ́ ká fi H kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 420, ó wálẹ̀ dé 85 ní AB/2 15, ó wá gòkè dé 450 ní 100. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á ti máa yọ̀, "ẹ wò ó, ó ti wálẹ̀, omi nìyẹn!" Ẹ fara balẹ̀. Wọ́n á gbé nọ́ńbà yẹn sínú WinRESIST tàbí IPI2Win, àwọn sọ́fítíwíà tó ń ṣírò ìpele ilẹ̀, á sọ fún wọn pé ìpele kejì jẹ́ 50 ohm-m, ó nípọn mítà 10. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ yí i sí 70 ohm-m, mítà 14, gíráàfù tó máa jáde ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí pé nínú irú ìpele báyìí tí àpáta líle wà lábẹ́ ẹ̀, ìnípọn tẹ́ ẹ bá fi resistivity pín ni ẹ̀rọ ń rí, 10 sí 50 àti 14 sí 70, 0.2 ni méjèèjì. Ọ̀kan lè jẹ́ amọ̀ mítà 10 tí kò ní fún yín ní korobá kan dáadáa. Èkejì lè jẹ́ erùpẹ̀ àpáta mítà 14 tó máa fún gbogbo àdúgbò lómi. Sọ́fítíwíà á ní àṣìṣe òun kéré lórí méjèèjì, kò purọ́, ṣùgbọ́n kò lè yàn fún yín.

Kí ló máa wá yàn? Ìwé tẹ́ ẹ kọ nígbà tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn. Bí kànga ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ bá kan òkúta ní mítà 18, ẹ ti mọ apá ibi tó yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀ sí. Ẹ fi ìjìnlẹ̀ yẹn dè é mọ́lẹ̀ nínú sọ́fítíwíà, ẹ jẹ́ kí resistivity nìkan máa yí. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé amọ̀ dúdú tó ń lẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ jáde, ẹ mọ̀ pé 50 yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín.

Ìpele tí àpáta ti sán tún nira jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín erùpẹ̀ àti àpáta gidi ló wà, resistivity ẹ̀ náà wà láàárín tiwọn, bí kò bá nípọn, gíráàfù máa gbà á kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Àmì kékeré tẹ́ ẹ lè rí ni pé apá tó ń gòkè lẹ́yìn ò gòkè tó bó ṣe yẹ, ó ń falẹ̀, tàbí ó tẹ̀ díẹ̀ ní àárín ọ̀nà. Èmi, bí mo bá rí erùpẹ̀ tó nípọn tó mítà 15, tó wà láàárín 80 sí 250, tí ẹ̀yìn gíráàfù sì ń falẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa yàn ṣáájú ibi tí resistivity ti wálẹ̀ jù ní 30.

Ẹ̀yin ará ọ̀nà Papalanto àti Ewékorò, ẹ dojú ọ̀rọ̀ yìí dé. Ní ilẹ̀ yanrìn àti amọ̀, yanrìn tó gba omi tútù sínú ló máa ń ní resistivity tó ga ju amọ̀ tó bò ó lọ, torí náà ibi tó gòkè lẹ máa wá, kì í ṣe ibi tó wálẹ̀. Òkúta ẹfun náà sì máa ń ga, ẹ má lọ pè é ní yanrìn. Ẹni tó bá fi ìwà Obantoko ka gíráàfù Ewékorò, inú amọ̀ ló máa gbé kéésìn sí.

Bí VES nìkan ò bá tó

VES ń wo ojú kan péré lọ sísàlẹ̀. Sísán àpáta sì sábà máa ń dúró lóòró, ó lè kọjá ní mítà 8 sí ibi tẹ́ ẹ wà láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ìdí tí sísún bọ́hòlù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì fi máa ń mú omi jáde nígbà míì nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá tóbi, bí ti iléèwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ́kọ́ ṣe dipole-dipole (ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà to pẹ́ẹ̀gì) tàbí Wenner lórí ìlà gígùn, pẹ́ẹ̀gì ní mítà 5 síra, ẹ fi RES2DINV tàbí ResIPy tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ya àwòrán ẹ̀, ẹ wá lọ ṣe VES síbi tí àwòrán yẹn bá ti fi hàn pé àpáta ṣẹ́ wọlẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè wọn IP (induced polarization, bí ilẹ̀ ṣe ń di iná mú) máa ń ràn yín lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ amọ̀, torí amọ̀ sábà máa ń di iná mú díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa á, yanrìn tó mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é.

Wenner náà wúlò fún ẹni tó fẹ́ ri wáyà ilẹ̀ fún mast tàbí ínfátà ńlá. K tiẹ̀ rọrùn, 6.283 lọ́nà àlàfo àárín pẹ́ẹ̀gì. Àlàfo mítà 3, R 8 ohm, ó di nǹkan bí 151 ohm-m. Ó parí.

Láti orí ìwé dé ìdí ríìgì

Láńdílọ́ọ̀dù, ẹ gba nọ́ńbà pápá lọ́wọ́ wọn, gbogbo AB/2, MN/2 àti R, kì í ṣe ìwé aláràbarà tó ní gíráàfù kan péré. Ẹ gba GPS ibi tí wọ́n yàn àti ibi kejì tí wọ́n á lọ bí àkọ́kọ́ ò bá dáa. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó fọwọ́ sí i ní ìforúkọsílẹ̀ COMEG, àjọ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti ẹnjiníà ìwakùsà sílẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló fi mọ̀ pé ìpele kejì kì í ṣe amọ̀. Bó bá ń fa nọ́ńbà RMS (ìwọ̀n àṣìṣe tí sọ́fítíwíà ń gbé jáde) yọ nìkan, ẹ tún bi í.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kẹ́nìkan dúró pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù àti máákà, kó máa bu ohun tó ń jáde ní mítà mẹ́ta mẹ́ta, kó kọ ìjìnlẹ̀ sí i lára. Kó kọ ibi tí erùpẹ̀ ti di eruku òkúta funfun gbígbẹ, kó kọ ibi tí omi ti kọ́kọ́ jáde, kó kọ ibi tí ríìgì ti já wọlẹ̀ lójijì, torí ibẹ̀ ni àpáta ti sán. Bí omi bá jáde, bí kò jáde, ẹ gbé àwọn ìjìnlẹ̀ yẹn padà sínú sọ́fítíwíà, ẹ dè wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ tún gíráàfù yẹn ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ẹ wo resistivity tí ìpele kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ gan an. Ẹ fi èyí tuntun ka VES ibi kejì kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ríìgì sún lọ síbẹ̀.